Ní Ilẹ̀ Yewa, Atẹ́gùn Orí Igi Kọ́ ni Atẹ́gùn Ìdí Igi

Ilẹ̀ Yewa ni a ó mú yín lọ lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ọjà ni a fẹ́ fi hàn yín, kì í sì í ṣe ààfin. Atẹ́gùn ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tí ojú kò rí náà ní ọ̀nà tí ó ń gbà, ó sì ní ìwà tí ó yẹ kí ẹni tí ń dáko, ẹni tí ń sá láfún, àti ẹni tí ń kọ́ ilé mọ̀ dáadáa. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ó lè fi oko tàbí òrùlé rẹ̀ kọ́gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á gbéra ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí á wọ mọ́tò tí ń lọ sí Aiyétòrò. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i pé ilẹ̀ náà kò tẹ́ pẹrẹsẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò ga bí òkè Ìdànrè. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó tún ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ́ aṣọ sórí àwọn àpò gààrí. Lórí gegele ni ẹ ó ti rí oko ẹ̀gẹ́ àti oko àgbàdo. Nínú àfonífojì, níbi tí omi ń gbà kọjá, ni ẹ ó ti rí àwọn igi ńláńlá tí ó ṣẹ́kù: ìrókò, àràbà, arère, àti ọ̀pẹ. Ní àárọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, kùrukùru funfun a máa dùbúlẹ̀ sínú irú àfonífojì bẹ́ẹ̀ bí wàrà nínú igbá, nígbà tí orí gegele ti mọ́ kedere. Ẹ fi kùrukùru yẹn sọ́kàn, a ó sọ ìdí rẹ̀ fún yín láìpẹ́.

Aiyétòrò ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa, Ìlaròó sì ni ti Gúúsù Yewa. Ẹ̀gbádò ni wọ́n ń pe gbogbo àwọn ènìyàn yìí títí di ọdún 1995 tí wọ́n yí orúkọ padà sí Yewa, èyí tí í ṣe orúkọ odò tí ń ṣàn gba ilẹ̀ wọn lọ sí ìhà ọ̀sà Àgbádárìgì. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà yóò rántí ilé-ìwé gíga Comprehensive tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Aiyétòrò ní 1963 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Láti ibẹ̀, ọ̀nà ń bẹ tí ó gba ìhà Jóga-Orílé lọ sí Ìlaròó. Orí ilẹ̀ gíga ni wọ́n tẹ Ìlaròó dó sí, àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ nípa ilẹ̀ sì ti fi orúkọ ìlú náà pe òkúta iyanrìn tí ó wà lábẹ́ apá ibẹ̀. Bí ẹ bá sì súnmọ́ ẹnubodè, ẹ ó bá ìlú Òkè-Ọ̀dàn. Orúkọ rẹ̀ gan-an ti sọ fún yín pé gegele ni.

Irú gegele kéékèèké wọ̀nyí, pẹ̀lú igi lórí wọn, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

IGBÓ KÌ Í DÁ ATẸ́GÙN DÚRÓ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé kò sí atẹ́gùn nínú igbó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òótọ́ ni. Ẹ wọ inú igbó tíìkì tí ìjọba gbìn sí igbó ọba tí ó wà ní ìhà Ìlaròó, ní ìgbà òjò tí ewé wọn bá kún. Ẹ ó gbọ́ ariwo lókè bí ìgbà tí òjò ń bọ̀, síbẹ̀ gèlè orí yín kò ní mì. Gbogbo ewé àti ẹ̀ka ti gba agbára lọ́wọ́ atẹ́gùn náà kí ó tó dé ilẹ̀. Nínú igbó tí ó dí dáadáa, atẹ́gùn ìdí igi lè má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tí ń fẹ́ lókè orí igi.

Àwọn ìyá wa ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Kí ló dé tí ìyá àgbà fi ń gbé igbá sókè gan-an nígbà tí ó bá ń fẹ́ ìrẹsì tàbí ẹ̀wà? Ó mọ̀ pé atẹ́gùn ìsàlẹ̀ ti rẹ̀, pé ti òkè ni ó lágbára láti gbé èèpo lọ. Ilẹ̀, koríko àti ògiri ti fa ti ìsàlẹ̀ sẹ́yìn. Ohun tí koríko ń ṣe ní kékeré ni igbó ń ṣe ní ńlá.

Kí ni ó wá ń ṣẹlẹ̀ ní orí igi gan-an, níbi tí atẹ́gùn tí ń sáré ti pàdé afẹ́fẹ́ tí ń rìn pẹ̀lẹ́? Ẹ mú òwú, kí ẹ fi sí àárín àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì bí ẹni fẹ́ ṣe òwú fìtílà. Bí ọwọ́ kan bá dúró tí ọwọ́ kejì ń lọ, òwú àárín yóò máa yí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń yí lórí igi. Yíyí náà a máa tóbi títí yóò fi tó bí gíga igi fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò fọ́, tí apá kan rẹ̀ yóò sì rọ́ wọ inú igbó láti òkè. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé gbogbo nǹkan lè dákẹ́ rọ́rọ́ nínú igbó, kí ewé gbogbo mì lójijì, kí wọ́n sì tún dákẹ́. Kì í ṣe pé atẹ́gùn ń lọ tí ó ń bọ̀. Ó wà lókè ní gbogbo ìgbà. Ó kàn ń kan ilẹ̀kùn ni, ó sì ń wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àkókò tí ó fi ń wọlé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n àkókò díẹ̀ náà ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára atẹ́gùn wọ inú igbó, òun náà ni ó sì ń ṣẹ́ ẹ̀ka.

Ẹni tí ó bá ti wo oko ìrẹsì nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́ ti rí ojú iṣẹ́ yìí: gbogbo ṣírí a tẹ̀ ba, wọn a sì dìde, bí ìgbì omi. Ní 1955, ọ̀mọ̀wé ará Japan kan, Inoue, kọ ìwé lórí ìgbì náà, ó sì pè é ní honami. Ní èdè wọn, ho ni ṣírí, nami sì ni ìgbì. Ní 1996 ni Raupach, Finnigan àti Brunet fi hàn pé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lórí oko àti lórí igbó jọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbi tí omi méjì bá ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ọ̀kan yára ju èkejì lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn ohun tí a kò rí? Wọn a máa gbé ẹ̀rọ kan sórí òpó gíga, ẹ̀rọ tí ń fi ìró wọn atẹ́gùn ní ìgbà mẹ́wàá tàbí ogún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Iṣẹ́ náà kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 2004, àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní NIMEX. Ní igbó Bellefoungou, lẹ́bàá Djougou ní apá òkè orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n gbé òpó kan ga ju orí igi lọ láti wọn atẹ́gùn àti bí igbó ṣe ń mí sínú tí ó sì ń mí síta.

LẸ́YÌN GEGELE

Níbi tí a dé yìí ni ọ̀rọ̀ ti di ti ilẹ̀ Yewa gan-an. Ohun tí a ti ń sọ bọ̀ jẹ́ ti igbó tí ó wà lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí igbó bá wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńkọ́?

Nígbà tí atẹ́gùn bá ń gun gegele, ó ń yára sí i bí ó ti ń súnmọ́ orí rẹ̀. Bí ó ti ń yára, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fi ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ń dínkù, orí gegele a sì máa fa afẹ́fẹ́ àyíká mọ́ra. Ní ojú gegele, níbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, fífà yìí àti atẹ́gùn jọ ń lọ sí ọ̀nà kan náà. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìn gegele, ẹ̀yìn ni ó ń fà á sí. Atẹ́gùn orí igi lágbára, kò ní ka fífà yẹn sí, yóò bá tirẹ̀ lọ. Ti inú igbó, èyí tí igi ti gba agbára rẹ̀, kò ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Yóò gbọ́ràn, yóò sì yí padà. Ẹ wá rí i pé ní ibì kan náà, ní wákàtí kan náà, ewé orí igi lè máa tẹ̀ sí ìhà ìlà-oòrùn, kí èéfín ìdí igi sì máa lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn.

John Finnigan àti Stephen Belcher ni wọ́n fi ìṣirò ṣàlàyé èyí ní 2004. Ohun tí ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu jù lọ nínú iṣẹ́ wọn ni pé kò di ìgbà tí òkè bá ga. Lórí ilẹ̀ tí kò ní igi, òkè gbọ́dọ̀ dà gan-an kí atẹ́gùn ẹ̀yìn rẹ̀ tó lè yí padà. Ṣùgbọ́n bí igbó bá jìn tí ó sì dí, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré, irú èyí tí mọ́tò ń gùn láìyí jíà, ti tó. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè olókè ńlá ni èyí, pé kò kan Aiyétòrò.

BÍ ILẸ̀ BÁ ṢÚ

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí kùrukùru tí a rí láàárọ̀. Lẹ́yìn ìṣáà, bí ojú ọ̀run bá mọ́, ilẹ̀ àti ewé orí igi a máa tutù. Afẹ́fẹ́ tí ó kàn wọ́n náà yóò tutù, yóò sì wúwo. Ohun tí ó wúwo kò ní dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Yóò máa ṣàn wálẹ̀ lábẹ́ igi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí omi tí ẹnìkan dà nù, títí yóò fi kó jọ sínú àfonífojì. Ìrì pọ̀ níbẹ̀, kùrukùru sì ń dúró níbẹ̀. Èéfín ààrò tí ẹ dá láti alẹ́ náà ń sùn níbẹ̀. Ní ọ̀sán, bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, ìṣàn náà a máa yí padà, a sì máa gòkè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe láfún ní Aiyétòrò àti àwọn abúlé rẹ̀, ẹ kò nílò ọ̀mọ̀wé láti sọ fún yín pé ẹ̀gẹ́ tí a sá sórí gegele yára gbẹ ju èyí tí a sá sí kòtò lọ. Ìdí rẹ̀ ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé bí ìsàlẹ̀ bá dákẹ́ lóru, òkè náà dákẹ́. Ní oṣù June àti July ọdún 2016, àwọn onímọ̀ láti Europe àti láti ilẹ̀ wa jọ ṣe ìwádìí kan tí wọ́n pè ní DACCIWA. Ibùdó mẹ́ta ni wọ́n ní: Ilé-Ifẹ̀, Kumasi ní Ghana, àti Ṣábẹ̀, ìlú àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà láàárín àwọn òkè àpáta ní Benin. Ní Ṣábẹ̀, wọ́n rí i pé afẹ́fẹ́ tútù láti etí òkun a máa dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, àti pé lóru, nígbà tí ewéko ìsàlẹ̀ kò mì, atẹ́gùn líle kan a máa sáré kọjá ní ìwọ̀n 200 sí 500 mítà lókè ilẹ̀. Òun ni ó ń ran ìkùukùu tí ó wálẹ̀ lọ́wọ́ láti bo ojú ọ̀run, irú èyí tí ẹ ń jí bá láàárọ̀ ìgbà òjò.

ATẸ́GÙN KÒ MỌ ẸNUBODÈ

Ọjọ́ 10 oṣù August ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fẹnu kò lórí ààlà tí ó pín ilẹ̀ yìí sí méjì. Kétu bọ́ sí ọ̀dọ̀ Faransé, Ìlaròó àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn mọ̀lẹ́bí sì di ará ìdíkejì. Atẹ́gùn kò bá wọn fọwọ́ sí ìwé kankan. Ní ìgbà òjò, láti ìhà etí òkun ní ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù ni ó ti ń bọ̀, kò sì san owó kọsítọ́ọ̀mù. Ní ìgbà ọyẹ́, láti ìhà aṣálẹ̀ ni ó ti ń bọ̀. Ìjì líle ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí òjò, láti ìlà-oòrùn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń ya wọlé, tí atẹ́gùn tútù rẹ̀ ń ṣíwájú òjò.

Ilẹ̀ Yewa wà ní etí ohun kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Àlàfo Dahomey. Igbó ńlá tí ó ti Cameroon bọ̀ kò lọ tààrà dé Ghana. Ó já ní àárín, ọ̀dàn sì wọ ibẹ̀ dé etí òkun. Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún Sélé ní gúúsù Benin fi hàn pé igbó wà níbẹ̀ rí, àti pé ní nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Igbó Yewa jẹ́ igbó etí, ẹni tí ó bá sì wà létí ni atẹ́gùn àti iná ń kọ́kọ́ bá.

Ní báyìí, pákó àti èédú ń jẹ igbó yìí lọ. Ẹ má jẹ́ kí á dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lásán, nítorí ọmọ ni wọ́n fi ń bọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á mọ iye tí a ń san. Igi tí ó dàgbà sí etí igbó, atẹ́gùn ti kọ́ ọ láti kékeré: ó ki, ó kúrú, gbòǹgbò rẹ̀ sì dúró ṣinṣin. Igi àárín igbó ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí àwọn ará ilé rẹ̀ ni ó fara tì. Bí a bá gé àwọn ti etí, àwọn ti àárín ni yóò di etí lọ́sàn-án kan òru kan, wọn kò sì mọ iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀, bí atẹ́gùn bá yára ní ìlọ́po méjì, agbára tí yóò fi ti igi di ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Igi kan kì í sì í dá ìjì dúró.

OHUN TÍ Ó KAN ILÉ WA

Èkíní ni ọ̀rọ̀ iná. Láàárín December sí March, nígbà tí koríko bá gbẹ, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ a máa wo orí igi láti mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, wọn a sì ṣáná sí oko. Ẹ ti wá rí i pé orí igi kò tó gbẹ́kẹ̀ lé, pàápàá ní ẹ̀yìn gegele àti ní etí igbó. Kí ẹ kọ́kọ́ dá iná kékeré sí ibi tí a ti ro mọ́, kí ẹ wo èéfín rẹ̀ nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí èéfín ilẹ̀ àti ewé òkè kò bá gba ọ̀nà kan náà, ẹ dá a dúró. Ẹ rántí pẹ̀lú pé iná a máa yára gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí ooru rẹ̀ ń gbẹ koríko tí ó wà lókè kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tí ó sì gòkè lọ́sàn-án lè tẹ̀lé afẹ́fẹ́ tútù padà wálẹ̀ lálẹ́, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti relé. Ẹ má fi ẹ̀yìn sílẹ̀ fún iná tí kò tíì kú pátápátá.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ òrùlé. Ọ̀pọ̀ ń rò pé ògiri gíga ni ó lè gba ilé lọ́wọ́ ìjì. Atẹ́gùn tí ó bá kọlu ògiri yóò fò ó, yóò sì ṣubú sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìyíkíyìí. Ọ̀wọ́ igi tí atẹ́gùn lè yọ́ gba àárín rẹ̀ díẹ̀ sàn jù, nítorí ó ń rọ atẹ́gùn náà lọ́kàn láìbá a jà. Bí irú igi bẹ́ẹ̀ bá ga ní mítà 10, ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ lè dé nǹkan bí 100 mítà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ gbìn ín sí ìhà ìlà-oòrùn tí ìjì ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí ilé ju gíga rẹ̀ lọ, kí ó má baà jẹ́ pé olùṣọ́ ni yóò wó lu ẹni tí ó ń ṣọ́.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ igi gígé. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí oko tuntun, ẹ fi àwọn igi etí sílẹ̀, pàápàá lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó kọjú sí odò. Ẹ má sì gé gbogbo rẹ̀ kí ẹ wá fi igi gíga kan ṣoṣo sílẹ̀ lẹ́bàá ilé tàbí ilé-kéwú àwọn ọmọ. Igi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tán, òun ni ìjì ń wá.

Bí ọ̀nà bá gbé yín dé Ìlaròó tàbí Aiyétòrò lọ́jọ́ kan, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí etí igbó tí ó wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ ní kí ọ̀kan wo orí igi, kí èkejì di ìyẹ̀fun díẹ̀ mú kí ó jù ú sílẹ̀ ní ìdí igi, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí fún ara wọn. Ọmọ tí ó bá ti rí i pé atẹ́gùn méjì lè wà ní ibì kan, bó bá dàgbà, yóò wo òkè, yóò wo ilẹ̀, kí ó tó ṣáná sí oko.